Ẹbọ Ta Ni O Fẹ́ Rú? Ìdáhùn sí Olùkọ́ Tí Ó Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Ìpè

Arákùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà. Ó ní: "Baba, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹni ọdún 38 ni mí, olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé gírámà ti ìjọba, ọdún kẹtàlá rèé. Ìyàwó mi ń rán aṣọ, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wá lọ́rẹ. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé Olúwa ń pè mí sí iṣẹ́ ìránṣẹ́. Èmi ni mo ń darí ìdàpọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé wa lọ́jọ́ọjọ́rú. Ní ìsọjí tí a ṣe kọjá, ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan dá mi dìde láàárín èrò, ó ní bí mi ò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí, ohun tó ṣe Jónà yóò ṣe mí. Ó tún ní kí n ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní, kí n fi ṣe ẹbọ ìpè mi. Ìyàwó mi ń sunkún lóru. Ó ku oṣù mẹ́rìnlá kí n tó san gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tán. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni bí mo bá dúró? Ṣé mo ti fi ọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀ kí n tó máa wo ẹ̀yìn?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì wà lára àwọn àgbà tí ìjọ wa yàn láti máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tó bá ní Ọlọ́run pe àwọn lẹ́nu wò. Mo ti rí ẹni tó fi iṣẹ́ olówó ńlá sílẹ̀ tí ayọ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbẹ di òní. Mo sì ti rí ẹni tó padà wá bẹ̀ mí kí ọdún méjì tó pé pé kí n bá òun wá iṣẹ́ ọdẹ alẹ́. Ìbéèrè kan ni o rò pé o béèrè, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo gbọ́: ṣé Ọlọ́run ni ó ń pè mí, ìgbà wo ni kí n lọ, àti pé ta ni yóò san owó ọ̀nà? Ẹni tó dá ọ dìde ní ìsọjí di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ìtí igi, ó gbé e lé ọ lórí, ó ní kí o máa sáré. Jẹ́ kí á sọ ẹrù náà kalẹ̀ ná, kí á tú u.

Ti àkọ́kọ́, èmi kò lè bá ọ dáhùn rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo pè ọ́, n kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o gbọ́ ohun tí o gbọ́. Àwọn àmì tí àwa àgbà máa ń wò ni mo lè sọ fún ọ. Ohun tó ti wà lọ́kàn ènìyàn fún ọdún mẹ́rin, tí kò gbóná ní ìsọjí nìkan kó tún tutù ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tó ohun tí à ń fiyè sí. Ìdàpọ̀ ọjọ́ọjọ́rú tí o mẹ́nu bà tún dùn mọ́ mi nínú, nítorí kò sí oyè níbẹ̀, kò sí owó níbẹ̀, o sì ń ṣe é. Èyí tí n kò rí nínú lẹ́tà rẹ ni ẹlòmíràn tó gbọ́ ohùn náà pẹ̀lú rẹ. Jésù fúnra rẹ̀ ló bá Sọ́ọ̀lù pàdé lójú ọ̀nà Damásíkù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí ìjọ Áńtíókù tó gbààwẹ̀, kí Ẹ̀mí tó sọ fún wọn, kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé òun àti Bánábà, kí wọ́n sì rán wọn lọ, bí a ṣe kà á ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 13. Pásítọ̀ tó mọ ilé rẹ, alàgbà tó ti rí ọ nígbà tí inú ń bí ọ, àwọn wọ̀nyẹn ni kí o bá jókòó. Àlejò tó dé ní ọjọ́ mẹ́ta tó sì ti lọ kò mọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Jónà tó ń dẹ́rù bà ọ́. Jónà kò jókòó láti ro bí òun yóò ṣe dé Nínéfè. Jópà ló gbà lọ, ó san owó ọkọ̀, ó kọjú sí Táṣíṣì. Ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí a rán an ló tọ̀. Ìwọ kò tíì wọ ọkọ̀ Táṣíṣì. Ọ̀nà Nínéfè gan-an ni ò ń wò, o sì ń béèrè bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Nígbà tí ẹja sì pọ̀ ọ́ tán, ẹsẹ kìn-ín-ní orí kẹta sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ Olúwa tún tọ Jónà wá nígbà kejì. N kò gan àsọtẹ́lẹ̀ o. Pọ́ọ̀lù ní ká má ṣe gàn án, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló fi ní ká dán ohun gbogbo wò. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ka 1 Àwọn Ọba orí 13, níbi tí wòlíì àgbà kan ti purọ́ fún ènìyàn Ọlọ́run, tó ní áńgẹ́lì ló rán òun, tí ẹni yẹn sì bá a lọ sílé jẹun títí ó fi bá ikú pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ba Mósè nígbà tí a pè é, ó ba Jeremáyà, ṣùgbọ́n títóbi Ọlọ́run ló bà wọ́n lẹ́rù. Gbèdéke "kí ọdún yìí tó parí" kò jọ ohùn tó pe Jónà lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ẹni tó yáni lówó ló jọ létí mi.

Ti ohun èlò ìtúlẹ̀ le ju ti Jónà lọ, n kò sì ní fi omi là á fún ọ. Lúùkù orí 9 ni Jésù ti sọ pé ẹni tó bá fi ọwọ́ lé ohun èlò ìtúlẹ̀ tó sì ń wo ẹ̀yìn kò yẹ fún ìjọba Ọlọ́run, ó sì dà bíi pé ìtàn Èlíṣà wà lọ́kàn rẹ̀. Ibi tí Èlíṣà ti ń fi màlúù túlẹ̀ ni Èlíjà bá a, tó da aṣọ rẹ̀ bò ó. Èlíṣà bẹ̀bẹ̀ kí òun lọ fi ẹnu ko baba àti ìyá òun lẹ́nu, Èlíjà kò sì ṣépè fún un. Ó padà sílé, ó pa màlúù méjì, ó fi igi ohun èlò wọn dáná, ó bọ́ àwọn ènìyàn, lẹ́yìn náà ló dìde tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Ìpadàsílé yẹn kì í ṣe wíwo ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ló lọ tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin kan bẹ Jésù bákan náà, ìdáhùn Jésù le ju ti Èlíjà lọ. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé Jésù mọ ọkàn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: àwáwí kan wà tó jẹ́ pé "rárá" ni, ṣùgbọ́n tó wọ aṣọ ọmọlúàbí. Ìwọ nìkan lo lè mọ̀ bóyá gbèsè rẹ jẹ́ ìdí tàbí ó jẹ́ àwáwí. Dán ara rẹ wò báyìí: bí ẹnì kan bá san gbèsè náà tán lálẹ́ òní, ṣé wàá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, àbí nǹkan mìíràn ni wàá tún rántí? Dáhùn rẹ̀ lórí eékún rẹ. Má dá mi lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi Ábúráhámù lé irú yín níwájú. Wọ́n á ní ó gba ọmọ rẹ̀ lọ sí Mòráyà láìbéèrè, Ọlọ́run sì pèsè àgbò. Òtítọ́ ni. Àmọ́ tún Jẹ́nẹ́sísì 22 kà, kí o fara balẹ̀ ní ẹsẹ kẹta. Kí Ábúráhámù tó kúrò nílé, ó di ohun ìjókòó mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó mú ọmọ-ọ̀dọ̀ méjì, ó sì la igi ẹbọ sísun náà sílẹ̀. Igi ni mo ní kí o wò. Bàbá yìí mọ̀ pé òun kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe parí, síbẹ̀ ó la igi nílé, ó gbé iná, ó gbé ọ̀bẹ, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn títí di ọjọ́ kẹta. Ọ̀dọ́ àgùntàn nìkan ni kò mú dání. Gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó pèsè. Èyí tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá bá mi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ ìgbàgbọ́, igi ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì la ẹyọ kan.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, gbèsè yẹn ló jẹ mí lọ́kàn jù, bóyá nítorí pé gbólóhùn kan péré lo fi sọ ọ́. O mọ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó yá ọ lówó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí onídùúró fún ọ. Lọ́jọ́ tí owó oṣù rẹ bá dúró, owó oṣù tiwọn ni wọn yóò máa gé. Olùkọ́ bíi tìẹ ni wọ́n, wọ́n lọ́mọ nílé ìwé bíi tìẹ, bóyá ẹnì kan nínú wọn kò tilẹ̀ sí nínú ìjọ wa. Ìwọ yóò wà lórí pẹpẹ tí wàá máa jẹ́rìí pé o fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ tẹ̀lé Jésù, nígbà tí ẹni yẹn yóò máa san gbogbo nǹkan náà lóṣooṣù. Nígbà tí Árúnà fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rúbọ, Dáfídì kọ̀, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rú ẹbọ sísun sí Olúwa. Àádọ́ta ṣékélì fàdákà ló kà kalẹ̀. Bí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, màlúù àwọn onídùúró rẹ lo gbé lọ síbi pẹpẹ, kì í ṣe tìrẹ. Rántí opó inú 2 Àwọn Ọba orí 4 pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì ni ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin méjèèjì lẹ́rú. Nígbà tí òróró kún gbogbo ìkòkò tán, Èlíṣà kò ní kí ó fi ṣe ọrẹ ìdúpẹ́. Ó ní kí ó lọ tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ èyí tó bá kù. Gbèsè ló ṣáájú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ báyìí, mo sì ní láti sọ ti ara mi kí n tó lè sọ tirẹ̀. Ní 1991, akọ̀wé ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo tó sọ fún ìyàwó mi. Mo rò pé bí mo bá kọ́kọ́ sọ fún un, yóò pa iná ìgbàgbọ́ mi. Ó ní ìsọ̀ kékeré kan tó ti ń tà látìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Ó pa á tì, a kó lọ sí ìletò tí ìjọ rán wa. Kò ráhùn. Ó ń gbé omi, ó ń dáko ẹ̀gẹ́, ó ń kí àwọn ará ìjọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọdún kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá kúnlẹ̀ fún àdúrà ìdílé, ó máa ń rí nǹkan ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Mo bi í léèrè. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní: "Ẹ̀yin ni Ọlọ́run pè. Ní tèmi, ẹ̀yin lẹ fà mí wá." Mo ti wàásù nípa ẹbọ mi nínú ilé ìjọsìn yẹn títí, àṣé obìnrin tó jókòó ní ìlà kejì ni mo fi rú u. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìdáríjì gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ìfọkàntán padà, mo sì fẹ́ kí o yẹra fún ọdún wọ̀nyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ìtàn ọkùnrin méjì kan wé ara wọn. George Müller, tó ṣí ilé àwọn ọmọ òrukàn ní Bristol, kọ owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ ní 1830, ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run nìkan ni òun yóò ti máa retí oúnjẹ òun. Ohun tí à ń gbàgbé ni pé òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ ni, àti pé ó ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde fáráyé rí. Ju 10,000 ọmọ òrukàn lọ ló tọ́jú kó tó kú ní 1898. Èkejì ni William Carey, tó tún bàtà ṣe kó tó lọ sí Íńdíà gẹ́gẹ́ bí míṣọ́nárì ní 1793. Ìyàwó rẹ̀, Dorothy, kọ́kọ́ kọ̀, ó lóyún nígbà náà. Lẹ́yìn tó bímọ ni wọ́n padà wá rọ̀ ọ́ kíákíá nígbà tí ọkọ̀ ojú omi fẹ́ gbéra, ó sì gbà pé òun yóò lọ bí àbúrò òun bá bá òun lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ wọn Peter kú, ọmọ ọdún márùn-ún. Orí Dorothy dàrú, kò sì bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní 1807. Iṣẹ́ Carey tóbi: ó fi Májẹ̀mú Tuntun fún àwọn ará Bẹ̀ńgálì ní èdè wọn ní 1801, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. N kò ní jókòó síhìn-ín kí n máa dá a lẹ́jọ́, nítorí èmi náà ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ìtàn náà, ọ̀dọ̀ Dorothy ni ojú mi máa ń dúró sí.

Nítorí náà, ẹkún ìyàwó rẹ kì í ṣe ọ̀tá ìpè rẹ. Lọ béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwé, ó lè jẹ́ pé wọn yóò rán yín lọ sí ibi tí kò ní rí aṣọ rán, ó sì lè jẹ́ pé ìsọjí ni òun náà ti gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú èrò. Gbọ́ ọ parí láìfi ẹsẹ Bíbélì dá a lóhùn. Bí ó bá gbà tọkàntọkàn, ẹ ti di méjì lẹ́nu ìpè kan. Bí ó bá ṣì kọ̀, n kò ní purọ́ fún ọ pé mo ní ìdáhùn tó dọ́gba fún gbogbo ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ pé òun dúró de ìyàwó òun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Bánábà ta ilẹ̀ rẹ̀, ó kó owó rẹ̀ wá síbi ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì, ohun tó dára ni. Nínú orí tó tẹ̀ lé e, Pétérù sọ fún Ananáyà pé nígbà tí ilẹ̀ náà wà, tirẹ̀ ni, nígbà tó sì tà á tán, owó náà ṣì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àpọ́sítélì kò fi ipá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Ọlọ́run bá bá ìwọ àti ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ láti ta á, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní kí o tà á bá jẹ́ ẹni tí owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́, dá ọwọ́ dúró. Bí ó bá sì ṣe pé ìpín rẹ nínú ilẹ̀ ẹbí ni, ìwọ nìkan kọ́ lo ni ín, má ta á láìjẹ́ pé olórí ẹbí gbọ́.

O béèrè bóyá dídúró jẹ́ àìnígbàgbọ́. Ìwọ tó ń gbé Iléṣà mọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, dáadáa. Ẹni ọdún 24 ni, ó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ní ìtòsí Ìkéjì-Arákeji, nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, tó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é, ní oṣù October 1928. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní tòótọ́. Bí Ọlọ́run bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí lẹ́tà tèmi fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n July 1930 ni ìsọjí ńlá ti Òkè-Oyè ní Iléṣà bẹ́ sílẹ̀, ó tó ọdún méjì dín díẹ̀ láàárín, kì í sì í ṣe ọdún ògo lójú ènìyàn. Ní 1932, ó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n ní Bíní. Ẹ̀rọ tó dákẹ́ lójú ọ̀nà la máa ń sọ ní orí pẹpẹ, a kì í sọ ti ẹ̀wọ̀n. Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. A fi í joyè àlùfáà ní 1843, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní January 1845, Abẹ́òkúta ni a rán an. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó ń retí wọn ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. August 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló sì ti rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti fi agbára yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti 1821. Ó lo ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ ní Àgbádárìgì. Kò fi gègé sílẹ̀ níbẹ̀, kò fi ìwàásù sílẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá tìrẹ kò tó tirẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí fún ọ pé bí o bá lọ tán, owó yóò máa wọlé bí òjò. Ní ìletò tí mo sọ, alẹ́ kan wà tí a kò ní nǹkan kan nílé, ọdẹ kan tí a kò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn, ó gbé iṣu mẹ́rin àti ìtan ẹran sílẹ̀, ó ní ọkàn òun kò jẹ́ kí òun sùn. A jẹ, a sunkún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko la fi mu gàrí láìsí ṣúgà, ọmọ wa kejì ń ṣòjòjò, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Mo ti gbàdúrà ní ìgbà méjèèjì. Pọ́ọ̀lù ní òun kọ́ bí a ti ń yó àti bí a ti ń pebi. Ohun tí ènìyàn kọ́ ni, a kò bí i mọ́ ọn. Mo gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run lónìí ju bí mo ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e lálẹ́ ìtan ẹran yẹn lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn ló sì kọ́ mi.

Ó wá ku ohun tí o lè ṣe. O lè lọ nísinsìnyí. Mo ti sọ ìdí tí n kò fi rí i bí ẹbọ tìrẹ. O lè dúró sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ títí láé, kí o sì máa ṣe iṣẹ́ Olúwa níbẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èyí kéré. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà. Nígbà tí Sílà àti Tímótì dé láti Makedóníà ló tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú rẹ lójoojúmọ́ pọ̀ ju ìjọ tí wọn yóò kọ́kọ́ rán ọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ní ìnira tirẹ̀: ó ń tán ènìyàn lókun, òpin ọ̀sẹ̀ kì í sí fún ọmọ rẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í dúpẹ́. Ọ̀nà kẹta ni kí o lo oṣù mẹ́rìnlá náà bí Ábúráhámù ṣe lo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kí o máa la igi. Ibẹ̀ ni ọkàn mi fì sí fún ọ. Mo mọ ewu rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin mẹ́rin tó ní àwọn yóò lọ bí ilé bá parí. Ilé parí, mọ́tò wọlé, ọmọ wọ yunifásítì, wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ojú wọn kì í sì í gbé sókè bí a bá ń kọ orin ìpè. Nítorí náà, dá ọjọ́. Kọ oṣù àti ọdún sílẹ̀, kí ìyàwó rẹ àti pásítọ̀ rẹ buwọ́ lù ú, má sì yá owó kankan mọ́ láàárín.

Láàárín àkókò náà, ẹ máa fi ìdajì owó oṣù rẹ jẹun fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ rí bí ó ti ń rí lára gbogbo yín kí ó tó di ọ̀ranyàn. Ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì fún ìyàwó rẹ bí agbára bá gbé e, nítorí ìsọ̀ rẹ̀ yóò gbé ilé ró ní ọdún àkọ́kọ́, ohun iyì sì ni: Lúùkù orí 8 ní àwọn obìnrin ló ń fi ohun ìní wọn ṣe ìránṣẹ́ fún Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Béèrè nípa owó ìfẹ̀yìntì rẹ kí o tó kọ̀wé kankan. Bí ìpínlẹ̀ rẹ bá ń tẹ̀lé òfin ọdún 2014, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá 8% tí agbanisíṣẹ́ sì ń dá 10%, ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún, tí kò sì ríṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, kò lè gbà ju 25% lọ nínú rẹ̀. Ìyókù yóò dúró. Mo ti rí ẹni tó ti ṣèlérí gbogbo owó náà fún kíkọ́ ilé ìjọsìn kó tó gbọ́ èyí. Kí o sì wádìí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí ìjọ rẹ ń rán ènìyàn lọ: iye tó jẹ́, bóyá ìdílé lè gbé níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jáde.

Ohun kan tó kù, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Owó oṣù kọ́ ni yóò dùn ọ́ jù láti fi sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí àwọn ọmọ ti ń dìde kí ọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ ń fìdí múlẹ̀ ní kíláàsì. Lẹ́yìn tí Èlíṣà ti fi màlúù sílẹ̀, iṣẹ́ tí a fi dá a mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni pé ó ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́. Ìwọ náà yóò di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó lè kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, wọn yóò rán ọ ní ìránṣẹ́kíránṣẹ́, wọn yóò gbé ọ kúrò níbi tí iṣẹ́ ti ń dára. Mo ti rí àwọn tó fi mílíọ̀nù sílẹ̀ láìwẹ̀yìn, tí wọn kò sì lè fi èyí sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní oṣù yìí: lọ bá pásítọ̀ rẹ, kí o ní kí ó fún ọ ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí.

Kọ́kọ́ lọ bá àwọn onídùúró rẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Wọn yóò ti gbọ́ nípa ìsọjí yẹn, oorun lè má kún ojú tiwọn náà. Sọ fún wọn pé o kò ní lọ láì san owó náà tán. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí mi, kí ìyàwó rẹ náà kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má fi hàn ọ́ bí kò bá fẹ́. Ìyàwó mi ni yóò ka tirẹ̀. Aago márùn-ún òwúrọ̀ ni àwa méjèèjì máa ń kúnlẹ̀ pọ̀ báyìí, a ó sì máa dárúkọ yín níbẹ̀.